Ta Ni Ó Ni Ọkọ̀?

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé pé ta ni ó ni ọkọ̀, kíá ni yóò dáhùn pé ẹni tí ó fi owó rà á ni. Ìdáhùn náà bá òfin mu, ó sì bá ìṣe ọjà mu, nítorí orúkọ ẹni tí ó sanwó ni a ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Nínú ọkọ̀ èrò tí ó ń ná Ìkòtún sí Ìyànà Ìpájà, ẹni tí ó jókòó sí ìdí sítíárìn lè má ní nǹkan kan nínú ọkọ̀ náà ju owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí èrò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, igbe tí yóò ké ni pé, "Ọlọ́kọ̀, ó wà o!" Èrò náà kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí náà ni ó pè ní ọlọ́kọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan lè ní ọlọ́kọ̀ méjì báyìí, ọ̀kan nípa owó, èkejì nípa ìmọ̀, ta ni ó yẹ kí ó pàṣẹ nígbà tí ohùn àwọn méjèèjì kò bá ṣọ̀kan? Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti le tó orí omi, nítorí pé omi kì í fún ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ní àyè àti bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ẹnì kan lórí, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ojú òfurufú. Ká ní bàbá kan wà ní Ìgàndò, oníṣòwò irin ìkọ́lé, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí Ọlọ́run sì ti ṣe é lóore. Ó pẹ́ tí ó ti ń wù ú láti ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi, irú èyí tí ó ní yàrá nínú, tí ènìyàn lè sùn sí, tí ó sì lè se oúnjẹ nínú rẹ̀. Ó rí àlòkù kan rà ní Àpápá, ó sì san owó rẹ̀ pé. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé orí àfàlẹ́yìn onítáyà, wọ́n fi jíìpù fà á gba Máìlì Méjì, wọ́n tọ ọ̀nà Àgbádárìgì dé Ìyànà Ìbà, wọ́n sì yà sí ọ̀nà tí ó gba iwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kọjá lọ sí Ìgàndò. Òru ni wọ́n rìn, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àdúgbò péjọ. Ìran náà tó wò lóòótọ́, nítorí Alímọ̀ṣọ́ kò ní ọ̀sà. Àwọn odò kéékèèké tí ó wà níbẹ̀ kò gba irú ọkọ̀ yìí. Ibi tí ó súnmọ́ jù tí ó ti lè léfòó ni omi Ọ̀jọ́. Báyìí ni ọkọ̀ ojú omi dúró lórí táyà ní àgbàlá, láàárín táǹkì omi àti ẹ̀rọ amúnáwá. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú oríire, ẹ ó lò ó pẹ́, tiwa náà á dé. Bàbá gun orí ọkọ̀, ó jókòó sí ìdí sítíárìn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Táyà àfàlẹ́yìn kò mira. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Lórí ilẹ̀ Ìgàndò, kò sí ẹni tí ó lè bá a du orúkọ ọlọ́kọ̀.

Ilẹ̀ tí ọkọ̀ yìí dúró lé, ilẹ̀ Àwórì ni, ó sì yẹ kí á rántí ohun tí ìtàn àwọn Àwórì sọ nípa omi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀, àwo kan ni a gbé lé ojú omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Ibi tí àwo bá dúró sí ni àwọn náà yóò dúró sí. Àwo dúró ní Ìṣẹ̀rì létí odò Ògùn (kì í ṣe Ìṣẹ̀rì-Ọ̀ṣun tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ o), ó tún gbéra, títí ó fi dé ibi tí ó rì sí. Àwọn kan ní Ìddó ni, àwọn mìíràn ní Ìdúmọ̀tà ni. Nígbà tí a béèrè pé àwo dà, èsì tí ó jáde ni pé àwo ti rì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti wá.

Àwọn olùkọ́ a máa fi ìtàn yìí kọ́ni ní orísun orúkọ, wọn a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a kì í sábà tọ́ka sí ni ipò tí olórí wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n òun náà ń tẹ̀lé ohun kan tí kò ní adé, tí kò tilẹ̀ ní ẹnu, nítorí pé ohun náà mọ ibi tí omi ń lọ jù ú lọ. Kò sí ibi tí ìtàn ti sọ pé èyí dín iyì rẹ̀ kù. Ẹni tí ó tẹ̀lé àwo ni a ń pè ní olùtẹ̀dó títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ bàbá Ìgàndò. Ọjọ́ tí wọ́n fa ọkọ̀ náà dé etí omi ní Ọ̀jọ́ ni ó tó mọ̀ pé ogójì ọdún tí òun ti fi wa mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀, ó tilẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́. Mọ́tò ní bíréèkì. Ọkọ̀ ojú omi kò ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a dúró gbọ́dọ̀ ti dẹwọ́ eré láti òkèèrè, kí ó sì yí ẹ́ńjìnnì padà sí ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Iwájú ni mọ́tò fi í yà, ìdí a sì tẹ̀lé e. Ìdí ni ọkọ̀ ojú omi fi í yà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí imú rẹ̀ bá ti ń kúrò lára èbúté, ìdí rẹ̀ ni yóò lọ gbá èbúté náà. Ilẹ̀ kì í rìn lábẹ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n omi ń rìn lábẹ́ ọkọ̀, atẹ́gùn sì ń ti yàrá gíga tí ó wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé ìgbòkun ni. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a máa kọjú ọkọ̀ sí ìṣàn omi nígbà tí ó bá fẹ́ gúnlẹ̀, kí omi lè bá a dá ọkọ̀ dúró; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a kọ ẹ̀yìn sí i, omi a sì gbé e lu òpó.

Títan ẹ́ńjìnnì pàápàá ní ìlànà. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tí a gbé sínú ikùn ọkọ̀, a kì í tàn án láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ jẹ́ kí fáànù fa oru epo jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí oru náà wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó máa ń kó jọ sí, ẹ̀ta iná kékeré kan sì tó láti sọ odindi ọkọ̀ di ìbọn. Ẹni tí ó ń kánjú kì í rántí èyí.

Gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni omi Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí ewéko ojú omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò nì ní odò Àgbádárìgì, tí ó gba ọ̀nà Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin wọlé. Nígbà òjò, tí omi kò bá ní iyọ̀, a máa pọ̀ lọ rẹrẹ, tí ojú omi yóò fi dà bí pápá tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá ti wọ inú ọ̀sà, a rọ, a sì kú. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tí ó ń ti ọkọ̀ lọ, a sì máa dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tí ó ń mú un tutù. Àwọn apẹja pẹ̀lú a máa ri igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi láti fi kó ẹja jọ. Bí omi bá fà, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí igi náà. Bí omi bá kún, ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà nìkan ni ó ń rí i.

Ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà ni ọmọkùnrin Ègùn kan, ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, tí bàbá háyà láti kọ́ òun. Kò kàwé púpọ̀. Láti kékeré ni ó ti ń bá bàbá rẹ̀ gbọ́n omi inú ọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lórí omi yìí, ọmọ náà ni ó ní àkísà. Aṣọ tuntun ni bàbá wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ìwà nìyí. Kíkọ́ ọkọ̀ kò nira púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò mọ̀ ọ́n láàárín oṣù mélòó kan. Ohun tí ó nira ni pé ẹni tí ó mọ nǹkan jẹ́ ọmọdé àti alágbàṣe, ẹni tí kò mọ nǹkan sì jẹ́ àgbà àti olówó. Ẹ gbọ́ bí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bí ẹni pé igi kan wà níwájú wa níbẹ̀ yẹn, bí ẹ bá lè bá mi yà díẹ̀ sí ọwọ́ òsì." Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni. Olùkọ́ èdè yóò fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé orí "ọwọ́ òsì", ọkọ̀ ti gun igi. Èdè tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ní ẹwà, ẹwà náà sì ń gba àkókò; àkókò gan-an ni omi kì í fún ni.

Kí ni kí ọmọ náà ṣe? Bí ó bá pariwo "Igi! Òsì!" láìfi "bàbá" sí i, ó ti pàṣẹ fún ẹni tí ó lè bí i. Bí ó bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó lè fi ọ̀wọ̀ rì. Àwọn kan lè sọ pé kí ó jẹ́ akíkanjú, kí ó sọ òtítọ́ láìbẹ̀rù. Ó rọrùn fún ẹni tí ó jókòó sórí ilẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Owó oúnjẹ ọmọ náà wà lọ́wọ́ bàbá. Àṣà tí ó tọ́ ọ dàgbà wà lẹ́yìn bàbá. Bí kò bá sí ewu kankan níwájú, òun ni yóò di aláfojúdi. A kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù yìí lé ẹni tí apá rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí ó ni agbára láti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó jẹ gbèsè. Lórí ilẹ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, bàbá ni ó gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀ sọ fún ọmọ náà pé: "Bí a bá ti dé orí omi, má wo ojú mi. Sọ ọ́ ní kúkúrú." Ọmọdé kò lè fún ara rẹ̀ ní àṣẹ yìí. Àgbà nìkan ni ó lè fi í lé e lọ́wọ́, bí kò bá sì fi í lé e lọ́wọ́, ẹ̀bi ohun tí ọmọ náà kò sọ, ẹ̀bi àgbà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá nìkan ni ọ̀wọ̀ ń dí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1977, bàlúù ńlá méjì forí sọ ara wọn nínú kùrukùru lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Ẹni 583 ni ó kú. Ọ̀kan nínú wọn, ti ilẹ̀ Họ́láǹdì, ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti gbéra nígbà tí èkejì, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀gá tí ó ń wa ti Họ́láǹdì kì í ṣe òpè; òun ni ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú mìíràn nílé iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó ń mójú tó ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá èkejì kò tí ì kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ni ó fi ṣe, kò pàṣẹ. Ọ̀gá fi ìdánilójú dáhùn pé ó ti kúrò. Ọmọ abẹ́ náà dákẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí iná fi sọ. Ní ọdún 1979, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pe ìpàdé lórí irú àṣìṣe báyìí, láti ìgbà náà sì ni a ti ń fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú pé kí ọmọ abẹ́ máa sọ̀rọ̀, àti pé kí ọ̀gá máa gbọ́. Ó yẹ kí á ronú sí èyí dáadáa: ohun tí Yorùbá fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" ṣe, ìbéèrè ni àwọn ará Yúróòpù fi ṣe é, ikú kan náà ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀.

Àtakò kan wà tí a kò lè fojú fò. Bí bàbá bá fa àṣẹ lé ọmọ Ègùn lọ́wọ́ tán, ta ni ó sọ pé ọmọ náà kò lè ṣìnà? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń da ọkọ̀ èrò rì lórí omi wa kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ omi bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìmọ̀ náà ni ó sì mú kí wọ́n kó èrò kọjá ìwọ̀n, kí wọ́n máa rìn lóru, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀wù amúniléfòó rọ́rí. Ìdí nìyí tí àjọ tí ó ń mójú tó omi Ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, fi sọ ẹ̀wù náà di dandan, tí ó sì ka ìrìn òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò. Ìmọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìgbéraga tí ó wà nínú owó. Ó kàn jẹ́ pé ìgbéraga owó tètè ń hàn ni.

Ìmọ̀ kò sì dáhùn ìbéèrè ohun tí a fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá ayé àtijọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ létòlétò ni James Pinson Labulo Davies. Ní Sàró ni wọ́n bí i, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìpìlẹ̀ pátápátá ni ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ àṣẹ kí ó tó pa á. Ó fi iṣẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1856. Òun náà ni a tún mọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó nítòsí Èkó, ní oko rẹ̀ ní Ìjọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ní 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, inú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni Davies wà. Àwọn tí ó sọ pé nítorí òwò ẹrú ni ogun náà ṣe wà, àwọn tí ó sọ pé nítorí ọrọ̀ ajé Gẹ̀ẹ́sì ni náà wà. Ibi yòówù kí òtítọ́ wà, mímọ ọkọ̀ wà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí a bá ní kí bàbá fi àṣẹ fún ọmọ náà, a kò sọ ọmọ náà di ọba. Àṣẹ kan ṣoṣo ni a ń wí, àṣẹ àti sọ pé rárá. Bàbá lè yan ibi tí ọkọ̀ yóò lọ, ó lè yan ọjọ́, ó lè yan àlejò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ omi bá sọ pé ọkọ̀ kò ní lọ, ọkọ̀ kò ní lọ. Bí bàbá ní tirẹ̀ bá sọ pé kò ní lọ, kò ní lọ bákan náà. Ẹnu méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ kò kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté; ẹnu kan tó láti dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí yóò ti rí ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá. Bàbá ti kọ́ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún kí wọ́n wá bá òun ṣe fàájì. Wọ́n dé pẹ̀lú kúlà, ìrẹsì, ẹran díndín àti aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni mẹ́jọ ni ọkọ̀ gbà, ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́jọ ni ó sì wà. Àwọn àlejò jẹ́ mẹ́fà, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ní ìhà ìlà oòrùn ṣú, atẹ́gùn sì dákẹ́ lójijì. Ọmọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó yíjú sí bàbá, ó ní, "Bàbá, a kò ní lọ." Kò fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi fìlà rẹ̀ gún iwájú, ó ní, "Ta tilẹ̀ ni ó ni ọkọ̀ níbí?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ẹ́ńjìnnì, ó fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé kúlà wọlé. Inú ọkọ̀ tí a so mọ́ èbúté ni wọ́n ti jẹun, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n sì ń fi ojú kan wo ojú ọ̀run. Òjò náà kò rọ̀. Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́rin, oòrùn ti yọ, omi tẹ́jú bí dígí, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ń kọjá lọ pẹ̀lú orin. Àlejò tí ó béèrè ìbéèrè kò tún un béèrè, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin Ègùn náà ti ń ro bí òun yóò ti wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá ni. Ó bi í léèrè aago tí omi yóò kún ní Sátidé tí ń bọ̀.